Kẹ́ ẹ tó wó ọ́fíìsì àtijọ́ yẹn ní Ìkòròdú, ẹ ka èyí ná

Bẹ́ ẹ bá gba ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣágámù, tẹ́ ẹ dé Odógúnyán níbi tí ọgbà àwọn ilé iṣẹ́ wà, ẹ ó rí àwọn ọ́fíìsì alájà méjì tàbí mẹ́ta tó dúró síwájú ilé iṣẹ́. Òmíràn ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí ilé iṣẹ́ aṣọ bíi Nichemtex ń gba òṣìṣẹ́ rẹpẹtẹ lágbègbè náà. Ọ̀dà ara wọn ti ṣí, òrùlé ń jò, ẹ̀rọ amúlétutù tó wà lójú wíńdò ti di ilé ẹyẹ. Ohun tí ọ̀pọ̀ onílé máa ń sọ ni pé, "Ẹ jẹ́ ká wó o, ká kọ́ tuntun."

Lóòótọ́, àwọn ilé kan wà tó jẹ́ pé wíwó ló kàn. Ṣùgbọ́n tí egungun ilé bá ṣì le, wíwó ni ìpinnu tó máa ná onílé lówó jù, òun náà ló sì máa ba afẹ́fẹ́ jẹ́ jù. Ẹ jẹ́ ká wo ìdí rẹ̀, ká wo ohun èlò tó wà nítòsí Ìkòròdú fún àtúnṣe, ká sì wo ibi tí ewu wà, torí ewu wà níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní àtúnṣe oníyípo?

Ọ̀rọ̀ náà rọrùn. Ohun èlò tó ti ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ má jẹ́ kó di pàǹtírí, ẹ jẹ́ kó tún ṣiṣẹ́. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òyìnbó. Nígbà tí ilé alámọ̀ àwọn baba wa bá di àlàpà, wọ́n máa ń po amọ̀ rẹ̀ padà ni, wọ́n á fi mọ ògiri míì. Símẹ́ǹtì ló jẹ́ ká gbàgbé, torí kankéré tó ti gan kò ṣeé pò padà.

Ohun kejì tó so mọ́ ọn ni kábọ́ọ̀nù, ìyẹn gáàsì tó ń mú kí ayé gbóná. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé sọ pé ilé kíkọ́ àti ilé lílò ló ń fa nǹkan bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún gáàsì kábọ́ọ̀nù tó ń jáde láti inú lílo agbára àti iṣẹ́ ilé iṣẹ́ lágbàáyé. Símẹ́ǹtì nìkan kó ìdá 7 sí 8 nínú gbogbo gáàsì kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú jáde. Ìdí ni pé òkúta ẹfun, irú èyí tí wọ́n ń wà ní Ewékorò, ni wọ́n máa ń sun nínú iná tó tó 1,450°C. Iná yẹn ń tú gáàsì, òkúta náà fúnra rẹ̀ tún ń tú tirẹ̀ bó ṣe ń jóná.

Ìṣirò tí onílé kì í ṣe

Ẹ mú ọ́fíìsì alájà mẹ́ta kan tí gbogbo ilẹ̀ inú rẹ̀ jẹ́ 1,000 sìkúéà mítà. Tí wọ́n bá fẹ́ da ìpìlẹ̀, pílà, bíìmù àti dẹ́kì rẹ̀ ní tuntun, ẹ ká a sí 400 kúbíìkì mítà kankéré. Àpò símẹ́ǹtì méje fún kúbíìkì mítà kan, àpò 2,800 nìyẹn, ìyẹn tọ́ọ̀nù 140. Tọ́ọ̀nù símẹ́ǹtì kan ń tú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 0.6 sí 0.9 gáàsì kábọ́ọ̀nù sáfẹ́fẹ́. Torí náà, símẹ́ǹtì egungun ilé kan ṣoṣo yìí á tú tọ́ọ̀nù 84 sí 126 jáde kí ẹnikẹ́ni tó tan iná nínú ọ́fíìsì náà.

Ẹ wá wo owó. Ní oṣù kejì ọdún 2024, owó símẹ́ǹtì fò sókè débi pé ìjọba àpapọ̀ pe àwọn tó ń ṣe é jókòó. Iye tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni ₦7,000 sí ₦8,000 lápò kan. Tí a bá lo ₦8,000, àpò 2,800 jẹ́ ₦22.4 mílíọ̀nù. A ò tíì ka irin, òkúta, yanrìn, pákó, owó iṣẹ́, àti owó táwọn tó máa kó àwókù ilé àtijọ́ lọ dànù máa gbà. Gbogbo èyí ni ẹni tó wó ilé tó ṣì le máa san lẹ́ẹ̀kejì fún ohun tó ti ní tẹ́lẹ̀.

Wọ́n ti ṣe é rí nílùú Ìbàdàn

Tẹ́nikẹ́ni bá ní irú àtúnṣe bẹ́ẹ̀ ò lè ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ wa, ẹ ní kó lọ sí Dùgbẹ̀. Owó kòkó ni wọ́n fi kọ́ Cocoa House, alájà 26 tó ga tó mítà 105. Ọdún 1965 ni wọ́n parí rẹ̀. Ní ọdún 1985, iná jó o burúkú. Ẹlòmíì á ti ní kí wọ́n wó o. Wọ́n yẹ egungun rẹ̀ wò, wọ́n tún un ṣe, ó sì ṣílẹ̀kùn padà ní ọdún 1992. Títí di òní, abẹ́ Odù'a ló wà, ọ́fíìsì sì wà nínú rẹ̀. Kò sí ẹni tó pe iṣẹ́ yẹn ní iṣẹ́ àyíká nígbà náà. Àmọ́ gbogbo kankéré tó wà nínú alájà 26 yẹn ni wọn ò tún dà lẹ́ẹ̀kejì.

Ní Sydney, lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà, wọ́n ṣe irú rẹ̀ lójú ìmọ̀ọ́mọ̀. Ilé ọ́fíìsì gíga kan tí wọ́n kọ́ ní 1976 ni wọ́n sọ di Quay Quarter Tower. Wọ́n fi nǹkan bí ìdá 65 nínú ọgọ́rùn-ún pílà, bíìmù àti dẹ́kì rẹ̀ sílẹ̀, wọ́n sì kọ́ tuntun mọ́ ọn lára. Ní 2022, òun ló gba àmì-ẹ̀yẹ ilé tó dára jù lágbàáyé níbi àjọyọ̀ àwọn ayàwòrán-ilé.

Òdìkejì rẹ̀ wà ní Ìkòyí. Àárín ọdún 1970 sí 1979 ni wọ́n kọ́ Federal Secretariat. Nígbà tí olú-ìlú kó lọ sí Àbújá ní oṣù kejìlá 1991, ó di ahoro. Wọ́n tà á ní 2006, àmọ́ àríyànjiyàn láàárín ìjọba àpapọ̀ àti ìjọba Èkó kò jẹ́ kí iṣẹ́ lọ. Egungun ilé lè le bí òkúta, tí ìwé ilẹ̀ kò bá le, àtúnṣe ò lè bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ yẹ egungun wò

Àwọn àgbà ní ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta 2019, ilé kan tí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀ wó ní Ìta Fájì ní Lagos Island, èèyàn 20 ló kú. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kọkànlá 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ṣì ń kọ́ lọ́wọ́ ní Gerrard Road, Ìkòyí, wó pa èèyàn tó lé ní 40. Ọ̀kan ti wà tipẹ́, èkejì ò tíì parí. Ọjọ́ orí ilé nìkan kì í sọ bó ṣe le tó. Àyẹ̀wò ló ń sọ ọ́.

Lagos State Materials Testing Laboratory ń ṣe irú àyẹ̀wò bẹ́ẹ̀ láì wó nǹkan kan. Òòlù kékeré kan wà tí wọ́n ń tẹ̀ mọ́ kankéré, bó ṣe ta padà ló ń fi bó ṣe le hàn. Ẹ̀rọ míì ń rán ìró gba inú pílà kọjá. Tí ìró náà bá falẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ihò tàbí sísán wà nínú. Ẹ̀rọ kẹta ń wá ibi tí irin wà, àti bí kankéré tó bò ó ṣe nípọn tó. Níbi tí iyèméjì bá kù, wọ́n lè gé kankéré díẹ̀ jáde bí igi ìrèké, kí wọ́n lọ fún un pọ̀ ní láàbù.

Níbi tí kankéré bá ti ń bú kúrò, tí irin abẹ́ rẹ̀ sì ti dógùn-ún, kì í ṣe ọ̀dà ni oògùn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹnjiníà tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN sọ bóyá wọ́n á wọ pílà náà ní ẹ̀wù kankéré tuntun ni, tàbí irin ni wọ́n á fi dì í mú. Ẹ má sì gbà kí ẹnikẹ́ni fi alájà kan lé ilé tí wọn ò ṣírò ìpìlẹ̀ rẹ̀ fún un. Tí àyẹ̀wò bá sọ pé egungun ti jẹrà, ẹ wó o. Ẹ̀mí èèyàn ṣáájú kábọ́ọ̀nù.

Ohun èlò tó wà nítòsí

*Irin.* Àwọn ilé iṣẹ́ irin wà ní Odógúnyán fúnra rẹ̀. African Steel Mills wà lára wọn. Irin condemn ni wọ́n ń yọ́: ẹ́ńjìnì, ara ọkọ̀, irin tí wọ́n fà yọ lára ilé. Tọ́ọ̀nù irin kan tí wọ́n fi òkúta irin ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ń tú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2.3 gáàsì kábọ́ọ̀nù. Èyí tí wọ́n fi iná ẹ̀lẹ́tíríìkì yọ́ láti inú àjẹkù irin ń tú bíi 0.7. Nípa báyìí, irin tó ń tú kábọ́ọ̀nù kékeré ti wà nítòsí wa kí ọ̀rọ̀ náà tó dé etí wa. Ìṣòro ibẹ̀ ni òdiwọ̀n. Ẹ wo àmì SON, ẹ wọn ọ̀pá, torí ọ̀pá tí wọ́n ní ó jẹ́ milimítà 12 lè má tó 12. Ẹ gé díẹ̀ lọ sí láàbù. Ẹ má tọ́ irin tó ti wọ́ láti inú àwókù kẹ́ ẹ tún fi da pílà. Ẹ tà á fún àwọn tó ń yọ́ ọ.

*Eérú èèpo ìrẹsì.* Ní Ìmọ̀tà, ní Ìkòròdú níbẹ̀, ilé iṣẹ́ ìrẹsì ìpínlẹ̀ Èkó tí wọ́n ṣí ní oṣù kìn-ín-ní 2023 lè lọ tọ́ọ̀nù 32 ní wákàtí kan bó bá ń ṣiṣẹ́ ní kíkún. Èèpo kó nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ìrẹsì tí wọn ò tíì bó, ìyẹn lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́fà ní wákàtí kan. Tí wọ́n bá sun èèpo yẹn níwọ̀n, tí iná ò ju 700°C lọ, eérú rẹ̀ á kún fún sílíkà tó ń bá símẹ́ǹtì dì. Ó lè gba ipò ìdá 10 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún símẹ́ǹtì tẹ́ ẹ máa fi rẹ́ ògiri tàbí mọ búlọ́ọ̀kù. Eérú tí wọ́n kàn sun ní gbangba ò ní ṣiṣẹ́ bẹ́ẹ̀, torí náà ẹ dán an wò kẹ́ ẹ tó lò ó, ẹ má sì fi da pílà.

*Ilẹ̀ pupa.* Ògiri tó pín yàrá sí yàrá kì í gbé ilé ró, kò sídìí tó fi gbọ́dọ̀ jẹ́ búlọ́ọ̀kù símẹ́ǹtì. Àjọ NBRRI, tó ní ibùdó ní Ọ̀tà, ti ń gbé bíríkì ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ lárugẹ láti ọjọ́ pípẹ́. Símẹ́ǹtì inú rẹ̀ lè má ju ìdá 5 sí 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, wọn kì í sì í sun ún níná. Demas Nwoko náà lo búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa àti símẹ́ǹtì fún New Culture Studio tó kọ́ sí Ìbàdàn. Ní 2023, Venice fún un ní Golden Lion fún iṣẹ́ ọjọ́ ayé rẹ̀. Ẹni tó bá ń pe ilẹ̀ pupa ní ohun èlò tálákà, kó rántí ìyẹn.

*Igi, ilẹ̀ àti wíńdò.* Ilẹ̀kùn ọ́fíìsì àtijọ́ lè jẹ́ ìrókò, apá tàbí ọ̀gànwó. Irú igi bẹ́ẹ̀ ti wọ́n gan-an báyìí. Ẹ fá a, ẹ kùn ún, ó tún di tuntun. Èyí tó bá kù díẹ̀ káàtó, àwọn oníṣẹ́ pákó wà ní Àgbọ̀wá lọ́nà Ẹ̀pẹ́, níbi tí ìjọba ní káwọn ará Òkòbàbà kó lọ. Ilẹ̀ terrazzo kò fẹ́ táìlì lórí. Ẹ̀rọ tó ń fá a ló fẹ́. Wíńdò louvre náà, ẹ má yára yọ ọ́. Louvre ń ṣí tán pátápátá, sliding aluminium kì í ṣí ju ìdajì lọ. Tẹ́ ẹ bá sì yọ aluminium kankan, ẹ tà á: títún un yọ́ ò gbà ju nǹkan bí ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún agbára tó máa ná wọn láti ṣe tuntun.

Ooru àti owó iná

Àwọn tó kọ́ ilé láàárín 1950 sí 1979 mọ̀ pé iná ò dájú. Maxwell Fry àti Jane Drew, tí wọ́n ya àwòrán àwọn ilé àkọ́kọ́ ní Yunifásítì Ìbàdàn, fi búlọ́ọ̀kù oníhò àti ìbòòrùn sójú wíńdò kí atẹ́gùn lè gbà á já láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ìgbà náà ló tẹ̀ lé ọgbọ́n yìí. Nígbà tó yá, àwọn onílé dí àwọn ihò yẹn, wọ́n fi gíláàsì bo gbogbo ojú ilé, wọ́n wá ń ra dísù láti fi tú ooru tí wọ́n fọwọ́ ara wọn pa mọ́lé.

Àtúnṣe ibẹ̀ ò le. Ẹ ṣí ihò padà. Ẹ kun òrùlé ní funfun kó lè ta oòrùn dànù. Ẹ fi nǹkan tó ń dènà ooru sáàárín páànù àti àjà. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó ṣírò iye ẹ̀rọ amúlétutù àti sólà tẹ́ ẹ nílò, yóò sì dín kù. Látìgbà tí NERC ti gbé owó iná Band A láti ₦68 sí ₦225 fún kilowatt kan ní wákàtí ní oṣù kẹrin 2024, ooru tẹ́ ẹ bá dènà ti di owó. Kí wọ́n tó gbé sólà gun òrùlé, ẹ bi ẹnjiníà bóyá òrùlé lè rù ú.

Ibi tí ewu wà

Òrùlé àti síílì àtijọ́ mìíràn ní asbestos nínú. Bó bá wà níbẹ̀ jẹ́ẹ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe nǹkan kan. Ìgbà tí wọ́n bá fọ́ ọ, tí wọ́n gé e, tí wọ́n jù ú sílẹ̀, ni eruku rẹ̀ ń wọ ẹ̀dọ̀fóró, àrùn jẹjẹrẹ rẹ̀ sì lè pẹ́ tó ọdún 20 sí 40 kó tó yọjú. Ọmọ ọdún 19 tẹ́ ẹ fún lówó kó bá yín já síílì lè má mọ ohun tó pa á. Ẹ gé díẹ̀ lọ yẹ̀ wò. Bó bá jẹ́ asbestos, ẹ rin ín lómi, ẹ yọ ọ́ lódindi, kí òṣìṣẹ́ wọ ìbòmú gidi, kẹ́ ẹ sì di í sínú ọ̀rá kó tó kúrò níbẹ̀. Kò sí lílò padà fún un.

Ẹ̀rọ amúlétutù àtijọ́ ní gáàsì R-22. Kílò kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná tó 1,800 kílò gáàsì kábọ́ọ̀nù. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n kàn gé páìpù rẹ̀ kó tú dànù. Oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ á fà á sínú sìlíńdà.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni bátìrì. Ní Ògìjó, ní ààlà Ìkòròdú àti ìpínlẹ̀ Ògùn, àwọn ilé iṣẹ́ ń yọ́ òjé láti inú bátìrì àtijọ́. Ní 2025, àwọn oníròyìn ṣe ìwádìí níbẹ̀, àyẹ̀wò sì fi hàn pé òjé ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àti ará àdúgbò, àwọn ọmọdé náà wà níbẹ̀. Ìjọba ti àwọn ilé iṣẹ́ kan pa. Iṣẹ́ oníyípo ni wọ́n ń ṣe, ẹ rántí. Tí èéfín ibi tí wọ́n ti ń yí i bá ń ba ọpọlọ ọmọ ẹlòmíì jẹ́, a kàn gbé ìdọ̀tí wa fún aládùúgbò ni. Torí náà, ẹ béèrè ibi tí bátìrì àtijọ́ yín ń lọ kẹ́ ẹ tó fún onícondemn.

Bí iṣẹ́ ṣe ń tò tẹ̀ léra

1. Ẹ yẹ ìwé ilẹ̀ àti ìwé ilé wò, kẹ́ ẹ sì gba àṣẹ àtúnṣe lọ́dọ̀ LASPPPA. LASBCA ló ń mójú tó iṣẹ́ fúnra rẹ̀.
2. Ẹ ṣe àyẹ̀wò egungun ilé. Èsì rẹ̀ ló máa sọ bóyá ẹ máa tẹ̀ síwájú.
3. Ẹ kọ àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tó wà nílé: ilẹ̀kùn, wíńdò, irin, wáyà, terrazzo, asbestos. Ẹ pín in sí mẹ́ta: èyí tó dúró, èyí tẹ́ ẹ máa tà, èyí tó léwu.
4. Ẹ tú u, ẹ má wó o. Òòlù àti súúrù ń gba owó padà. Katapílà ń sọ ọ́ di àwókù.
5. Ẹ tún egungun ṣe, kẹ́ ẹ tó kan ògiri, òrùlé àti wíńdò.
6. Iná àti ẹ̀rọ amúlétutù ló kẹ́yìn.

Orílẹ̀-èdè yìí ti ní òfin ìlànà lórí lílo iná lọ́nà tó tọ́ nínú ilé láti 2017. Fún ẹni tó bá ń wá ìwé ẹ̀rí, EDGE tí IFC dá sílẹ̀ ń béèrè pé kí ilé dín iná, omi àti kábọ́ọ̀nù inú ohun èlò kù pẹ̀lú ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun èlò tẹ́ ẹ bá tún lò ń ràn yín lọ́wọ́ níbẹ̀, àpù tí wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀ sì jẹ́ ọ̀fẹ́.

Bẹ́ ẹ ò bá tiẹ̀ ní ilé, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín. Ẹ̀yin lẹ máa yá ọ́fíìsì náà, ẹ̀yin lẹ máa san owó iná rẹ̀, òmíràn nínú yín sì lè jẹ́ ẹnjiníà tàbí agbaṣẹ́ṣe ibẹ̀ lọ́la. Lọ́jọ́ tí onílé bá ní òun fẹ́ wó o, ìbéèrè kan péré ni kẹ́ ẹ bi í: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, èsì àyẹ̀wò rẹ̀ dà?"